Báwo la ṣe ń pa sáfà gRPC ní wọ́ọ́rọ́wọ́, láì já ẹni tó wà lẹ́nu ìpè kulẹ̀?

Ọmọ Ìyàrá béèrè:

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo kọ sáfà gRPC kan (gRPC ni ọ̀nà tí ètò kan fi ń pe iṣẹ́ inú ètò mìíràn láti òkèèrè) ní èdè Go fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìjùmú. Akọ̀wé mẹ́fà ló wà ní abúlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fóònù ni wọ́n fi ń fi ìwọ̀n kajú àti iye tí wọ́n san fún àgbẹ̀ ránṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ gbé kóòdù tuntun sí i, Ctrl+C ni mo máa ń tẹ̀, màá wá tún un tàn. Kì í pẹ́ tí akọ̀wé kan á fi pè mí pé áàpù òun ń sọ "Unavailable", pé ṣé owó bàbá báyìí ti wọlé àbí kò tíì wọlé. N kì í mọ èsì tí màá fún un.

Wọ́n ní kí n lo GracefulStop, àṣẹ gRPC tó ń pa sáfà ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo lò ó, sáfà náà kò wá kú mọ́! Mo dúró tì í fún ogún ìṣẹ́jú kí n tó fi kill -9, àṣẹ tó ń pa ètò lójijì, pa á. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yéé da ara mi láàmú, pé kill -9 yẹn ló tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká ṣe?

---

Èsì kìíní

Àbúrò, ohun tí akọ̀wé yẹn bi ọ́ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: owó ti wọlé àbí kò tíì wọlé? Torí kí ìbéèrè yẹn lè ní èsì la ṣe ń wá ọ̀nà láti pa sáfà ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá ń sọ fún ọ pé kí lọ́ọ̀gì lè mọ́ ni, kò tíì jókòó ti àgbẹ̀ tó ń dúró de owó kajú rẹ̀ nínú oòrùn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ń dà wọ́n pọ̀. Stop() máa ń ti ẹnu ọ̀nà tí ìpè ń gbà wọlé, ó sì ń já gbogbo ìsopọ̀ tó wà nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Context gbogbo ìpè tó wà lẹ́nu iṣẹ́ (ohun tó ń sọ fún iṣẹ́ pé kó dáwọ́ dúró) á di fífagilé, olùpè á sì rí i pé ìsopọ̀ ti já. GracefulStop() kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní í gba ìsopọ̀ tuntun, kò ní í gba ìpè tuntun, ṣùgbọ́n á dúró kí èyí tó ti wọlé parí.

Wo ẹlẹ́rọ ìlọta nírọ̀lẹ́. Bó bá pa ẹ̀rọ nígbà tí ata ẹnì kan ṣì wà nínú rẹ̀, Stop nìyẹn. Bó bá sọ fún àwọn tó ń gbé abọ́ bọ̀ pé òun ti ń palẹ̀ mọ́, tó wá lọ ti ẹni tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ tán kí ó tó pa á, GracefulStop nìyẹn.

Báwo ni sáfà ṣe ń sọ ọ́ fún wọn? Orí HTTP/2 ni gRPC ń rìn, HTTP/2 sì ní ìfilọ̀ kan tó ń jẹ́ GOAWAY. Ẹ̀ẹ̀mejì ni gRPC ti Go máa ń fi í ránṣẹ́ lórí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ á gbé nọ́ńbà stream (ìpè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀) tó ga jù lọ, 2147483647. Ohun tó ń sọ ni pé òun ti fẹ́ máa lọ, kí olùpè má bẹ̀rẹ̀ tuntun mọ́. Sáfà á wá fi ping yẹ̀ ẹ́ wò bóyá olùpè ti gbọ́, lẹ́yìn náà ló máa fi èkejì ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà ìpè tó gbà kẹ́yìn ní tòótọ́. Bí nọ́ńbà ìpè kan bá ju ìyẹn lọ, olùpè mọ̀ dájú pé sáfà kò fọwọ́ kàn án rárá. Ó lè tún un pè níbòmíràn láìfòyà.

Wàyí o, kí ló dé tí tìrẹ kò kú? GracefulStop kò ní gbèdéke kankan. Bí ìpè kan ṣoṣo kò bá parí, á dúró títí. Mo fura sí stream, ìpè tó máa ń wà ní ṣíṣí kí ìròyìn lè máa ṣàn. Ṣé ohun kan wà tí sáfà rẹ ń tì sí fóònù àwọn akọ̀wé láìdáwọ́dúró?

---

Ọmọ Ìyàrá:

Ó wà, ẹ̀gbọ́n. Bí iye owó kílò kan bá yí padà, orí stream ni mo fi ń sọ fún wọn. Láti àárọ̀ títí di alẹ́ ló máa ń wà ní ṣíṣí.

---

Èsì kejì

Òun nìyẹn. Ohun tí kò ní òpin ni sáfà rẹ ń dúró de òpin rẹ̀.

Ibi tó ti máa ń ru ènìyàn lójú nìyí: GracefulStop kì í fagi lé context ìpè tó ń lọ lọ́wọ́. O lè ti kọ ọ́ dáadáa pé kí stream máa ṣọ́ `stream.Context().Done()`, síbẹ̀ kò ní í gbọ́ nǹkan kan, torí kò sí ẹni tó sọ fún un pé ilẹ̀ ti ṣú. Ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ fún un. Ṣe channel kan (ọ̀nà tí Go fi ń gbé ìròyìn láàárín iṣẹ́) tí gbogbo stream á máa ṣọ́, kí o sì tì í kí o tó pe GracefulStop:

```go
for {
    select {
    case <-s.paleMo:
        return status.Error(codes.Unavailable, "sáfà ń palẹ̀ mọ́")
    case <-stream.Context().Done():
        return stream.Context().Err()
    case iye := <-iyeTuntun:
        if err := stream.Send(iye); err != nil {
            return err
        }
    }
}
```

Má fi nil dá a lóhùn níbẹ̀. Bí o bá dá nil padà, fóònù á gbà pé stream ti parí ní àlàáfíà, pé kò sí nǹkan mìíràn láti retí. Unavailable, tó jẹ́ nọ́ńbà 14 nínú àwọn èsì gRPC, ló ń jẹ́ kí áàpù mọ̀ pé kí òun dúró díẹ̀, kí òun sì tún un ṣí.

Ní main, báyìí ni mo ṣe máa ń kọ ọ́ (SIGTERM ni àmì tí ẹ̀rọ fi ń ní kí ètò palẹ̀ mọ́ kó sì kú, os.Interrupt ni ti Ctrl+C):

```go
ctx, dawo := signal.NotifyContext(context.Background(),
    os.Interrupt, syscall.SIGTERM)
defer dawo()

go func() {
    <-ctx.Done()
    ilera.Shutdown()
    close(paleMo)
    t := time.AfterFunc(15*time.Second, s.Stop)
    defer t.Stop()
    s.GracefulStop()
}()

if err := s.Serve(lis); err != nil {
    log.Printf("Serve: %v", err)
}
db.Close()
```

Ìlà AfterFunc yẹn ni gbèdéke. Ìṣẹ́jú àáyá 15 la fún àwọn tó wà nínú. Bó bá pé tí ẹnì kan kò tíì jáde, Stop á já a, GracefulStop náà á sì tú sílẹ̀. `ilera` ni sáfà ìlera tí gRPC fúnra rẹ̀ pèsè. Shutdown rẹ̀ á sọ gbogbo iṣẹ́ di NOT_SERVING, kí ẹni tó ń pín ìpè má darí ẹnikẹ́ni síbí mọ́. Bó bá jẹ́ sáfà kan ṣoṣo lo ní, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, o lè yọ ọ́.

---

Ẹ̀gbọ́n Kàbbà kọ:

Gbogbo aáyan yìí, fún kí ni? Iná kì í fi SIGTERM ránṣẹ́ kó tó lọ. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, iná lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ láti tàn. Sáfà tó bá lè kú nígbàkúùgbà láì ba nǹkan jẹ́ nìkan ni sáfà. Kọ ọ́ kó lè fara da kill -9, kí o sì fi GracefulStop sílẹ̀ fún àwọn tó ní iná lójoojúmọ́.

---

Èsì kẹta

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọkàntọkàn. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí, ẹ má bínú.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ní kill -9 ti tó. Àwọn kan ní GracefulStop ti tó. Àwọn kan ní Kubernetes, ètò tó ń tan sáfà tó sì ń pa á fúnra rẹ̀, á bójú tó o. Mo ti fìgbà kan wà nínú àwọn àkọ́kọ́, ó sì jẹ mí níyà. Kì í ṣe èmi nìkan ló jẹ níyà, ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn.

Ní àsìkò kajú kan, mo kọ irú sáfà yìí fún ilé ìkó-kajú kan. N kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ SIGTERM nígbà yẹn. Ọjọ́ ọjà ni, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo rí àléébù kékeré kan nínú kóòdù, mo tún un ṣe, mo pa sáfà, mo tún un tàn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Láàárín ìgbà yẹn, akọ̀wé kan ní Bùnú ti fi owó àpò mẹ́ta ránṣẹ́. Dátábéèsì ti kọ ọ́ sílẹ̀, èsì nìkan ló kù kí sáfà fi padà, ibẹ̀ ni mo ti pa á. Fóònù rẹ̀ ní kò lọ. Ó tún un tẹ̀. Ìlà kan wá di méjì nínú ìwé.

Nígbà tí wọ́n ṣírò lálẹ́, owó tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà ju èyí tí ìwé sọ lọ. Wọ́n ní àgbẹ̀ kan ni kò sanwó fún. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń wò ó bí olè. Èmi ni mo padà rí i pé ìlà méjì wà tí orúkọ àgbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, tí ìwọ̀n jẹ́ ọ̀kan náà, tí kò ju ogójì ìṣẹ́jú àáyá lọ láàárín wọn, ní àkókò tí mo tún sáfà tàn gan-an. Mo lọ sí Bùnú, mo dọ̀bálẹ̀ fún òun àti bàbá rẹ̀.

Torí náà, ẹ̀gbọ́n, òtítọ́ lẹ sọ pé kí sáfà lè fara da ikú òjijì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn yẹn: dátábéèsì mi kò bà jẹ́ rárá. Kò sí ìlà kan tó sọnù. Sáfà náà "fara da" á. Ohun tó bà jẹ́ wà láàárín sáfà àti fóònù, níbi tí ẹnì kan ti ṣiṣẹ́ tí ẹnì kejì kò mọ̀. GracefulStop ìbá dáàbò bo ọmọ yẹn lọ́jọ́ yẹn. Kò lè dáàbò bò ó lọ́jọ́ tí iná bá lọ, tàbí lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọọ̀kì Bùnú bá já lẹ́yìn tí dátábéèsì ti kọ̀wé. Ohun tó ń dáàbò bò ó lọ́jọ́ gbogbo ni nọ́ńbà ìdánimọ̀.

Fóònù ni kó ṣẹ̀dá nọ́ńbà yẹn, UUID lásán (nọ́ńbà gígùn tí kò jọ òmíràn) ti tó, ní kété tí akọ̀wé bá wọn kajú tán, kó tó gbìyànjú àkọ́kọ́. Kó pa á mọ́ sínú fóònù títí èsì á fi dé. Bó tilẹ̀ gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹwàá, nọ́ńbà kan náà ni kó máa gbé lọ. Mo ti rí ẹni tó ń ṣẹ̀dá tuntun nígbàkígbà tó bá tún un pè. Kó má ṣe é rárá sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ti fọkàn balẹ̀ lórí ohun tí kò sí. Ní dátábéèsì, kí nọ́ńbà náà jẹ́ èyí tí kò lè wà lẹ́ẹ̀mejì. Nínú PostgreSQL, láti 9.5 wá:

```sql
INSERT INTO isanwo (idanimo, agbe, kilo, owo)
VALUES ($1, $2, $3, $4)
ON CONFLICT (idanimo) DO NOTHING;
```

Bí ìlà náà bá ti wà tẹ́lẹ̀, ka èsì àtijọ́ jáde kí o sì dá a padà bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n lè wá bi mí pé, bí nọ́ńbà ìdánimọ̀ bá wà, kí la tún fẹ́ fi GracefulStop ṣe? Ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí sáfà ń ṣe ló wà nínú dátábéèsì. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti lọ sórí fóònù àgbẹ̀ kò ṣeé pè padà. Ìwé-ẹ̀rí tó ti ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ṣeé dá padà sínú. Ní abúlé tí nẹ́tíwọọ̀kì kò ti dúró, ìpè kan tí a já lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó tún lọ, àgbẹ̀ sì wà lórí ìdúró. Iná tó lọ, agbára wa kò ká a. Kóòdù tuntun tí a fọwọ́ ara wa gbé wọlé, agbára wa ká a.

Ní ti iná pàápàá, ó lè fi SIGTERM ránṣẹ́. Bí UPS yín bá ní okùn USB tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ẹ fi NUT, ètò tó ń bá UPS sọ̀rọ̀, sórí Linux yín. Bí bátìrì bá fẹ́ tán, á sọ fún ẹ̀rọ kó pa ara rẹ̀, systemd, tó ń bójú tó àwọn ètò inú Linux, á sì fi SIGTERM ránṣẹ́ sí sáfà gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ pa á. Inverter lásán tí kò ní okùn bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe é.

---

Ọmọ Ìsánlú kọ:

Tèmi kì í ṣe gRPC. Python ni, xmlrpc, ọ̀nà ìpè àtijọ́ kan, ni wọ́n fi kọ ọ́ kí n tó débẹ̀. Mo ṣe iṣẹ́ kan tí mo lè pè láti òkèèrè kí sáfà lè pa ara rẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo ti pe server.shutdown(). Bí mo bá ti pè é, ṣe ni gbogbo rẹ̀ máa ń dì gbagidi.

---

Èsì kẹrin

Ó gbọ́dọ̀ dì. shutdown() ń dúró kí serve_forever() jáwọ́. Ṣùgbọ́n inú serve_forever() yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí o pè ń ṣẹlẹ̀. Shutdown ń retí kí àyíká náà parí, àyíká náà sì ń retí kí shutdown parí kó lè máa lọ. Ìwé Python fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé inú thread mìíràn (okùn iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí) ni ká ti pè é:

```python
def pa_safa():
    threading.Thread(target=server.shutdown).start()
    return True
```

Èsì á padà sọ́dọ̀ rẹ, serve_forever() á sì rí i pé wọ́n ti ní kí òun dúró. Ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn tó bá ti jáde, pe server.server_close() kó lè jọ̀wọ́ pọ́ọ̀tù. Bó bá jẹ́ àmì SIGTERM lo fẹ́ fi ṣe é, ìdè kan náà ló wà níbẹ̀, torí inú thread àgbà ni Python ti máa ń dá àmì lóhùn. Bí serve_forever() bá wà nínú thread àgbà yẹn, fi thread mìíràn pe shutdown.

Ohun mìíràn wà tí kò jẹ́ kí ara rọ̀ mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè pè láti òkèèrè láti pa sáfà? Ẹni tó bá ti lè dé pọ́ọ̀tù yẹn lè pa ọjà yín. Yọ ọ́ kúrò, tàbí kó má gbọ́ ju 127.0.0.1 lọ.

Bí o bá padà gbé e lọ sí gRPC ní Python, `server.stop(15)` kì í dúró. Ńṣe ló máa ń fún ọ ní ohun tí o máa dúró dè. Bí o bá gbàgbé `.wait()`, ètò rẹ lè parí kí àwọn ìpè tó parí. Kọ ọ́ báyìí: `server.stop(15).wait()`. Bí o bá sì fi None síbi 15, á já gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Irú rẹ̀ wà ní Java: shutdown() kì í dúró, awaitTermination ló ń dúró, shutdownNow ni ti àwọn tí gbèdéke wọn ti kọjá. Ní Node, tryShutdown àti forceShutdown ni.

Ẹni tó bá ṣì ń lo net/rpc tó wà nínú Go fúnra rẹ̀, kò ní irú èyí rárá, wọn kò sì fi ohun tuntun kún un mọ́. Ìwọ ni wàá ti listener, tí wàá ka àwọn tó wà nínú fúnra rẹ. Mo ti ṣe é rí. Ó sàn kí o kúrò níbẹ̀.

---

Ọmọ Mọ̀pà kọ:

Ẹ̀gbọ́n, 15 tí ẹ kọ yẹn kò lè ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Docker, tó ń di ètò sínú àpótí tirẹ̀, la ń lò. Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ni docker stop máa ń fún ni kó tó fi SIGKILL (kill -9 náà nìyẹn) ránṣẹ́. Ní ti wa pàápàá, sáfà kì í gbọ́ SIGTERM rárá, ìṣẹ́jú àáyá 10 yẹn á pé, a ó pa á.

---

Èsì kárùn-ún

O tọ̀nà, mo gba àtúnṣe. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ pé gbèdéke inú kóòdù gbọ́dọ̀ kéré sí gbèdéke ẹni tó ń pa á. Docker, 10. Kubernetes, 30. systemd, 90 bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Lọ́dọ̀ yín, ẹ fi 7 sínú kóòdù, tàbí kí ẹ fi `docker stop -t 25` pa á.

Ní ti pé kì í gbọ́ rárá, wo Dockerfile yín. Bí ẹ bá kọ `ENTRYPOINT ./safa`, /bin/sh ni PID 1 (ètò àkọ́kọ́ nínú àpótí, òun ni àmì ń lọ bá), sáfà jẹ́ ọmọ rẹ̀, sh náà kì í sì fi àmì náà jíṣẹ́ fún ọmọ. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
ENTRYPOINT ["./safa"]
```

Bó bá jẹ́ pé ìwé àṣẹ kan ló ń tan sáfà, ẹ fi `exec ./safa` sí ìlà tó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí ẹni tó ń fi ọjọ́ púpọ̀ yẹ kóòdù Go rẹ̀ wò, nígbà tí kóòdù náà kò ní àbùkù, ìròyìn ni kò dé etí rẹ̀.

Fún àwọn tó ní Kubernetes yóò bójú tó o: yóò fi SIGTERM ránṣẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà kan náà ló máa ń yọ pod náà (àpótí tí sáfà wà nínú rẹ̀) kúrò nínú àwọn tí ìpè ń lọ bá, ìròyìn yẹn sì ń gba àkókò díẹ̀ kó tó dé ibi gbogbo. Ìpè tuntun á ṣì máa dé fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan sọ́dọ̀ sáfà tó ti sọ pé òun kò gbà mọ́. Ẹ fi preStop (iṣẹ́ tó ń ṣáájú SIGTERM) tó ń sùn fún ìṣẹ́jú àáyá 5 síbẹ̀, kí ẹ sì rántí pé inú 30 yẹn náà ni 5 ti ń jẹ.

---

Èsì kẹfà

Mo tún padà wá torí àwọn tó fi kóòdù wọn ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ń ti dátábéèsì ní kété tí SIGTERM bá dé, kí wọ́n tó wá pe GracefulStop. Ẹ̀yin ará, ẹ ti fa omi ẹnu ẹ̀rọ nígbà tí ata ṣì wà nínú rẹ̀! Àwọn ìpè tí ẹ ní kí wọ́n parí, kí ni wọ́n máa fi parí? Sáfà ló ń kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn iṣẹ́ ẹ̀yìn bíi fífi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, lẹ́yìn náà dátábéèsì, lọ́ọ̀gì ló ń kẹ́yìn gbogbo wọn.

Ìyẹn náà ló fà á tí `db.Close()` fi wà lẹ́yìn Serve nínú kóòdù tí mo kọ sókè. Nínú grpc-go ti ìsinsìnyí, Serve kì í padà títí GracefulStop á fi parí. Ẹ má fi ìyẹn ṣe ìwọ̀n http.Server o! Tìyẹn, bí ẹ bá ti pe Shutdown, ListenAndServe máa ń padà lójú ẹsẹ̀, main á sì parí bí ẹ kò bá dúró de Shutdown fúnra rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó da ìwà méjèèjì yìí pọ̀ nínú ètò kan tó ní gRPC àti HTTP lápapọ̀.

Àlàfo kan ṣì wà nínú kóòdù mi, mi ò fẹ́ fi pamọ́. Bí gbèdéke bá pé tí Stop sì ṣiṣẹ́, Stop kì í dúró de iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Bó bá ti já ìsopọ̀ tán, ó ti parí tirẹ̀. Iṣẹ́ kan lè ṣì máa kọ̀wé nígbà tí db.Close() ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Láti 1.61, grpc-go ní `grpc.WaitForHandlers(true)` tí a lè fi sínú NewServer kí Stop lè dúró dè wọ́n. Bí ẹ bá lò ó, ẹ rí i dájú pé gbogbo iṣẹ́ ń gbọ́ràn sí context lẹ́nu, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ tún ti padà sí ìdúró tí kò lópin.

Ẹ yé fi log.Fatal sí ẹ̀yìn Serve. os.Exit ló ń pè, kò sì sí defer (iṣẹ́ tí a ní kó kẹ́yìn) kan tó máa ṣiṣẹ́.

---

Ọmọ Ìyàrá:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Mo fi channel paleMo sí i. Sáfà ń kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì báyìí. Ṣùgbọ́n lánàá, ẹ̀ẹ̀kan, ó dúró títí 15 fi pé kí Stop tó já a. Akọ̀wé tó wà ní Ayétòrò sì tún pè mí pé ṣé owó wọlé.

---

Èsì keje

Ìpè kan ló há síbì kan. Tí mo bá máa méfò, iṣẹ́ kan ń dúró de dátábéèsì tàbí de ilé-iṣẹ́ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, láìní gbèdéke tirẹ̀. Wá gbogbo ibi tí o ti kọ `db.Exec`, sọ ọ́ di `db.ExecContext`, kí o sì fi ctx ìpè náà sí i. Wá ibi tí o ti lo http.Get, òun náà kò ní gbèdéke kankan. Ní ọ̀dọ̀ fóònù, jẹ́ kí ìpè kọ̀ọ̀kan ní gbèdéke, ìṣẹ́jú àáyá 10 fún ìsanwó tó. gRPC máa ń gbé gbèdéke yẹn dé ọ̀dọ̀ sáfà, á sì wà nínú ctx.

Kí o má bàa máa méfò bíi tèmi, kọ interceptor kékeré kan (kóòdù tí gbogbo ìpè ń gba inú rẹ̀ kọjá) tó ń fi orúkọ iṣẹ́ sínú map bó bá ti bẹ̀rẹ̀, tó sì ń yọ ọ́ bó bá ti parí. Fi sync.Mutex dáàbò bò ó. Nínú AfterFunc, kí o tó pe Stop, tẹ ohun tó ṣẹ́kù nínú map náà sínú lọ́ọ̀gì. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, wàá rí orúkọ ẹni tó há.

Ní ti akọ̀wé Ayétòrò, fi iṣẹ́ kan kún sáfà tó ń gba nọ́ńbà ìdánimọ̀, tó sì ń sọ bóyá ìlà náà wà nínú dátábéèsì tàbí kò sí, pẹ̀lú iye àti àkókò rẹ̀. Kíkà lásán ni, fóònù lè pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá láìsí ewu. Bí áàpù bá ti rí Unavailable, kó pe iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ nígbà tí sáfà bá padà, kó sì kọ "Ó ti wọlé" tàbí "Kò tíì wọlé, a tún ń fi ránṣẹ́" sójú fóònù, kí akọ̀wé lè yí i padà síwájú àgbẹ̀ kó fi hàn án.